Bí mo ṣe tún ojú iná Corolla mi ṣe, tí mo sì bò ó kí òkúta má baà jẹ ẹ́ mọ́

Toyota Corolla ọdún 2006 ni ọkọ̀ náà. Òun ló ń gbé mi láti Tanke ní Ìlọrin lọ síbi iṣẹ́ ní Òmù-Àrán ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun náà ló ń gbé mi padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn, láti Gánmọ̀ gba Àmọ́yọ̀ àti Ìdófìàn dé Àjàṣẹ́-Ìpo, yóò mọ̀ pé àwọn típà tó ń kó òkúta wẹ́wẹ́ kì í jẹ́ kí ojú títì sinmi. Èyí tó ń já bọ́ láti orí ẹrù wọn kọ́ ló léwu jù. Èyí tó há sáàárín táyà méjì tó wà lẹ́yìn ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí eré bá ti ga, táyà á jù ú sẹ́yìn bí ẹni ta kànnàkànnà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kejìlá ọdún 2024, mo ti kọjá Ìdófìàn, mo ń bọ̀ wálé. Ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ létí títì, ó di igi ìdáná sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi rí i, kò ju mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ mọ́ láàárín èmi àti òun. Mo tẹ búrékì, ọkọ̀ yà bàrà, Ọlọ́run kó wa yọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, iná yín ò mọ́lẹ̀ o. Mo rò pé ọ̀kadà ló ń bọ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Gílóòbù tuntun ni mo fi sí iná méjèèjì nínú oṣù kẹwàá, nítorí náà kì í ṣe gílóòbù ló lẹ́jọ́. Ojú iná ni.

1. Yíyẹ̀ ẹ́ wò

A máa ń pè é ní gíláàsì iná, ṣùgbọ́n kì í ṣe gíláàsì. Ẹ wo igun ojú iná yín dáadáa, ẹ ó rí lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá rí PC, polycarbonate nìyẹn, ike líle tó mọ́ gaara. Ti ọkọ̀ tó wá láti Yúróòpù sábà máa ń ní PL, òun náà ń sọ pé ike ni. Peugeot 504 tí bàbá mi gùn nígbà tí mo wà ní kékeré, gíláàsì gidi ló wà lójú iná rẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo ló sán an láti òkè dé ilẹ̀. Ike kì í fọ́ bẹ́ẹ̀, ó lè gba òkúta igba kó má fọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi máa ń da awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó le bò ó, kí nǹkan má tètè ha á, kí oòrùn má sì sọ ọ́ di yẹ́lò. Gbogbo ibi tí òkúta bá ti jẹ awọ yẹn, oòrùn ti rí ojú ọ̀nà wọlé nìyẹn.

Mo fọ iná méjèèjì pẹ̀lú ọṣẹ, mo nù wọ́n gbẹ, mo wá fi máákà tó ṣeé nù yí gbogbo ojú òkúta po. Ọ̀tún ní 23, òsì ní 41. Òsì ló pọ̀ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń gbà pàdé wa. Mo fi èékánná tọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí èékánná bá yọ̀ kọjá lórí rẹ̀, sáńpépà lè mú un kúrò. Èyí tí èékánná bá há sí, ó jìn. Mẹ́rin ló jìn lọ́wọ́ òsì, èyí tó tóbi jù nínú wọn tó hóró ẹ̀wà.

Kí n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ lóòótọ́, mo gbé ọkọ̀ sí mítà márùn-ún sí ògiri ọgbà wa lálẹ́, mo sì fi áàpù tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lórí fóònù kà á láàárín ibi tí iná ti mọ́ jù. Òsì fún mi ní lux 290, ọ̀tún 345. Fóònù kì í ṣe ohun èlò ìwọ̀n gidi, ṣùgbọ́n fóònù kan náà, ògiri kan náà àti àyè kan náà ni mo lò nígbà tí mo parí.

2. Ohun tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ tó ba nǹkan jẹ́

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, nítorí mo rí i tí àwọn èèyàn ṣì ń ṣe é.

Lọ́dún 2023 mo fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́. Ó dán fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ kan níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ fi oògùn ẹ̀fọn tí a máa ń fín sára nù ún fún mi. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi mọ́ kedere, inú mi dùn, mo fún un lówó. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé DEET tó wà nínú oògùn yẹn ń yọ́ ojú ike ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú iná ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eruku dì mọ́ ọn, ó sì ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà mo fi sáńpépà àti kọ́ḿpáǹdì (ìpara tí a fi ń dán ojú ọ̀dà) ṣe é fúnra mi. Ìyẹn dára gan-an lójú. Ṣùgbọ́n mo bó èyí tó pọ̀ jù nínú awọ tí ilé iṣẹ́ fi bò ó, mi ò sì dá nǹkan kan padà síbẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré, ó ti di yẹ́lò bí epo òróró tí a ti fi dín àkàrà nígbà mẹ́ta. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ ni fífá jẹ́. Bíbò ó padà ni ìdajì kejì, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é fún owó kì í ṣe.

3. Rírajà

Táíwò Ìsàlẹ̀ ní Ìlọrin ni mo ti ra èyí tó pọ̀ jù. Mo kọ́kọ́ béèrè owó iná tòkunbọ̀. ₦85,000 ni wọ́n pe méjèèjì, ojú àwọn náà sì ti ń pọ́n, mo bá dá a padà fún wọn.

Sáńpépà dúdú tó ṣeé lò pẹ̀lú omi, mẹ́jọ, ₦500 lọ́kọ̀ọ̀kan: P600 kan, P800 kan, P1000 méjì, P1500 méjì, P2000 méjì. Nọ́ńbà yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀; bó bá ṣe ga sí ni sáńpépà náà ṣe ń kúnná sí. Ẹ má gba èyí tí ẹ ò bá rí nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀. P3000 onífóòmù kan, ₦2,500. Tépù oníwèé méjì, ₦2,000. Kọ́ḿpáǹdì, ₦4,500. Isopropyl alcohol, ₦3,500. Kílíà (ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, tí a ó fi bo ojú iná) pẹ̀lú hádínà tó ń mú un le, ₦9,000. Ìbòmú tó ní kátíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ₦8,500. Náílọ́ọ̀nù PPF (paint protection film) tí wọ́n gé fún mi lára róòlù, sẹ̀ǹtímítà 50 sí 150, ₦18,000.

PPF yìí kì í ṣe náílọ́ọ̀nù lásán. Ó nípọn tó ìdá márùn-ún mìlímítà kan, ó ń fà bíi rọ́bà, ó sì mọ́ gaara. Bí òkúta bá bà á, òun ló máa gba ìyà náà.

4. Fífá (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù kìíní 2025)

Mi ò tú iná kúrò, nítorí lórí ọkọ̀ yìí ẹ gbọ́dọ̀ yọ bọ́ńpà kí iná tó jáde. Mo lẹ tépù yí iná ká, ìlọ́po méjì, kí sáńpépà má baà jẹ ọ̀dà ọkọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni mo lò, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì láti fi ṣan sáńpépà. Ìyanrìn kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú omi ọṣẹ yẹn, yóò ha ojú iná ju òkúta lọ.

P600 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀tún sí òsì nìkan. Ẹ wo omi tó ń ṣàn sílẹ̀. Nígbà tí ìyókù awọ àtijọ́ ṣì ń bó, omi náà á pọ́n díẹ̀. Nígbà tó bá ti dà bí omidùn, tó funfun, tí kò sì sí àbàwọ́n tó dúró bí erékùṣù lójú iná, awọ ti tán nìyẹn. Bí ẹ bá kúrò nídìí P600 kí awọ tó tán, ààlà rẹ̀ yóò máa hàn lábẹ́ kílíà títí ayé.

Lẹ́yìn náà P800, láti òkè sí ilẹ̀. P1000, láti ọ̀tún sí òsì. Bí mo ṣe ń yí ọ̀nà padà yẹn ló ń jẹ́ kí n rí i bóyá ìlà sáńpépà àkọ́kọ́ ti kúrò. P1500, P2000, P3000, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Àṣìṣe mi nìyí: lórí iná ọ̀tún, ó ti rẹ̀ mí, mo fo láti P800 sí P1500. Nígbà tó tutù, ó mọ́ bíi gíláàsì, mo rò pé mo ti jèrè àkókò. Nígbà tí oòrùn gbẹ ẹ́, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ìlà jáde láti òkè sí ilẹ̀. Omi máa ń bo ìlà mọ́lẹ̀. Ẹ máa gbẹ ẹ́ kí ẹ tó gbé ìpele tó kàn, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mo padà sí P1000, mo sì pàdánù wákàtí kan.

Ní ti ojú òkúta mẹ́rin tó jìn, mo ní kí n dí wọn. Mo kán súpà gúlù sínú èyí tó tó hóró ẹ̀wà. Ó wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbẹ, èéfín funfun bà sórí ike yí i ká bí ìgbà tí èèyàn bá mí sára dígí, kò sì kúrò. Sáńpépà ni mo tún fi yọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo ṣe níkẹyìn ni pé mo ká P1000 mọ́ orí pẹ́ńsù, mo fi rọra yọ etí ihò kọ̀ọ̀kan kó má ṣe mú. Mi ò lépa ìsàlẹ̀ wọn. Bí ẹ bá ń fá títí ihò á fi tán, ojú iná á tẹ̀ wọnú níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì tàn gba ibi tí kò yẹ. Ihò tí etí rẹ̀ ti rọ̀ kì í dí iná lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó bá yá tí ẹ fẹ́ fi kílíà bò ó, ẹ má fi kọ́ḿpáǹdì dán an. Kílíà kì í di ojú tó ń yọ̀ mú. Èmi lo kọ́ḿpáǹdì sí igun kékeré kan láti wo bí fífá mi ṣe rí, mo sì tún fi P2000 ha ibẹ̀ padà.

5. Kílíà (ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kìíní)

Mi ò ní gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà, mo bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ apẹ́ńtà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àáfà. Àgbà ni, ó ti ń kun ọkọ̀ kí n tó mọ ọkọ̀ wà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo yíjú láti mú ìbòmú mi nínú ọkọ̀. Kí n tó yíjú padà, Àáfà ti fi aṣọ tó kún fún tínà nu iná ọ̀tún.

“Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tínà kàn án!”

“Kí ló dé? Tínà la fi ń nu gbogbo ọkọ̀.”

“Ike ni, Àáfà. Ẹ wò ó.”

A jọ tẹ̀ ba, a ń wò ó. Ní igun òkè níbi tí aṣọ ti kọ́kọ́ kàn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ike náà, bí ojú ilẹ̀ odò tó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Kò ju ìbú ìka méjì lọ, ṣùgbọ́n a rí i bó ṣe ń rìn. Àáfà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Mi ò rí irú èyí rí. Ẹ má bínú.” Mo bẹ̀ ẹ́ kó má bẹ̀ mí. Èmi ló yẹ kí n ti sọ fún un kó tó mú aṣọ. Tínà, pẹtiróòlù, acetone, ọ̀tá ike yìí ni gbogbo wọn. Mo fi P600 fá igun náà, mo tún gun gbogbo ìpele títí dé P2000. Ìlà méjì ṣì wà níbẹ̀ dòní, inú ike gan-an ni wọ́n wà. Alcohol la fi nu méjèèjì níkẹyìn, pẹ̀lú aṣọ tí kì í ju fọ́nrán.

Àáfà po kílíà méjì mọ́ hádínà kan, gẹ́gẹ́ bí ara agolo ṣe wí. Ẹ wo ara agolo tiyín, nítorí wọn kì í bára mu. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fọ́n ọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín wọn, ti àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́. A dúró títí di ago mọ́kànlá kí ìrì tó kúrò pátápátá, a sì wọ́n omi sílẹ̀ gbogbo àyíká kí eruku ọyẹ́ má dìde. Síbẹ̀ eruku méjì wọ òsì.

Ìbòmú yẹn kì í ṣe fáàrí. Isocyanate wà nínú hádínà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àáfà kì í lo nǹkan kan. Mo fún un ní tèmi kó lò ó, èmi sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ó fi parí.

6. Náílọ́ọ̀nù: ìgbà àkọ́kọ́ tó bàjẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 18 oṣù kìíní, kílíà ti gbẹ, kò lẹ̀ mọ́wọ́. Mo lẹ PPF mọ́ iná òsì. Ó dùn ún wò. Mo wà á lọ sí Òmù-Àrán. Nígbà tí mo padà dé ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ìléròrò wẹ́wẹ́ ti kún abẹ́ rẹ̀, bí ẹyin ẹja. Omi kọ́ ni, nítorí omi máa ń gbẹ lọ. Kílíà ló ṣì ń mí. Ohun tó mú un ṣàn nínú agolo ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbẹ lójú, mo sì ti dí i lẹ́nu. Nígbà tí mo ṣí náílọ́ọ̀nù náà, kílíà tẹ̀ lé e ní ibi mẹ́ta. Mo tún fá òsì, mo tún padà sọ́dọ̀ Àáfà ní ọjọ́ 25. ₦3,000 péré ló gbà.

7. Ìgbà kejì (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta)

Mo dúró ọjọ́ 35. Mo ń wà á lọ sí Òmù-Àrán láìbò ó láàárín ìgbà yẹn, mo sì jìnnà sí gbogbo típà tí mo bá rí.

Mo fi bébà ìwé ìròyìn gé àwòrán iná kọ̀ọ̀kan, mo gé PPF kó fi sẹ̀ǹtímítà kan jù ú lọ yíká. Lítà omi kan, ẹ̀kán ṣámpù ọmọdé mẹ́fà, nínú ìgò tí ń fọ́n omi. Mo fọ́n ọn sójú iná, mo fọ́n ọn sójú PPF níbi tó ń lẹ̀, mo sì fọ́n ọn sí ìka mi, kí òǹtẹ̀ ìka má baà hàn. Àbúrò mi di igun méjì mú, mo gbé e lé àárín, mo fi rọ́bà tí a fi ń fa omi ti omi jáde láti àárín lọ sétí, ìwọ̀n ìka mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí ojú iná ti tẹ̀ kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńdà, PPF ká kò, kò fẹ́ tẹ́. Ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun ni mo fi mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, mo rọra fà á, ó sì tẹ́. Ẹ má fà á jù. Ibi tí ẹ bá fà jù, òun ló máa kọ́kọ́ ṣí.

Etí rẹ̀ ni mo fi bíléèdì gé. Níbí mo tẹ bíléèdì mọ́ ojú iná ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, ó sì fa ìlà kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Lọ́wọ́ òsì, mo kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù sàmì sí ara PPF, mo gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀, mo wá gé e lófuurufú. Mo fi mìlímítà méjì sílẹ̀ sí etí iná kó má baà jáde kan bọ́ńpà.

8. Ibi tó dé

Lórí ògiri kan náà, òsì fún mi ní 610, ọ̀tún 640. Ìyàwó mi kò mọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n nígbà tí a jọ ń bọ̀ láti Ọ̀fà lálẹ́, ó ní kí n sọ iná gíga kalẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Iná kékeré ni mo tàn.

₦61,300 ni gbogbo owó tó jáde, pẹ̀lú ₦6,000 tí Àáfà kọ́kọ́ gbà àti ₦300 súpà gúlù. ₦9,300 nínú rẹ̀ ni àṣìṣe mi jẹ: súpà gúlù yẹn, kílíà ẹ̀ẹ̀kejì, àti ìdá kan nínú mẹ́ta PPF tó bàjẹ́.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni mo kọ èyí. Mo ti ka ojú òkúta mẹ́jọ lórí PPF òsì, mẹ́ta lọ́tùn-ún. Nínú mẹ́jọ yẹn, èékánná há sí méjì péré, kò sì sí èyí tó dé kílíà. Àwọn tó ha á lórí nìkan máa ń padé fúnra wọn bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú un gbóná. Kò sí yẹ́lò rárá. Ibi kan ṣoṣo tó ń ṣí ni igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, tó sẹ̀ǹtímítà kan, níbi tí ẹni tó ń fọ ọkọ̀ ti gbé ẹnu ẹ̀rọ omi sún mọ́ ọn jù. Mo gé ibẹ̀ róbótó kó má baà máa ṣí lọ, nítorí igun tó mú ló ń gbé sókè. Mo sì ti sọ fún wọn kí wọ́n fi ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan jìnnà sí i. Àáfà ti ra alcohol sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó pè mí lórí fóònù, Camry kan wà níwájú rẹ̀, ó fẹ́ mọ nọ́ńbà sáńpépà tí mo fi bẹ̀rẹ̀.